Iṣẹ́ Ọwọ́, Gbèsè àti Èèwọ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ̀dá-Ìtàn Sílẹ̀ Nídìí Eré Wa ní Ìlọrin

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń pàdé ní Tánkẹ́, ní Ìlọrin, láti ṣe eré kan tí a ń fi ẹnu, ìwé àti dáìsì ṣe yí tábìlì ká, tí kò nílò tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo sábà máa ń ṣe adarí eré, ìyẹn ẹni tí ó ń sọ bí ayé inú ìtàn ṣe rí, tí ó sì ń gba ẹnu ọ̀tá, ọlọ́jà, ọba àti ẹranko sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ní ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí ni ohun tí mo ti rí kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe lè ronú kan ẹ̀dá-ìtàn tí yóò pẹ́ lọ́kàn àwọn tí ó bá a ṣeré, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni adùn eré yìí wà, ju ogun àti idán inú rẹ̀ lọ.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè bá mi lọ, màá kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa eré náà. Dungeons & Dragons ni ó ṣáájú irú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde fún títà, Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní ọdún 1974. Ìtẹ̀jáde karùn-ún rẹ̀, ti ọdún 2014, ni àwa ń lò, nítorí pé ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àwọn tí ó ni ín fi ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, tí ẹnikẹ́ni fi lè gbà á sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ní òǹkà mẹ́fà: agbára, yíyá ara, ìfaradà, làákàyè, ọgbọ́n àti ìfanimọ́ra. Oríṣi méjìlá ni òfin náà pín wọn sí, bíi jagunjagun, onídán, àlùfáà, ọdẹ, akọrin àti ayọ́kẹ́lẹ́rìn tí ó mọ àgádágodo ṣí. Bí ẹ̀dá-ìtàn bá fẹ́ ṣe ohun tí ó lè bọ́ sí i tàbí kí ó má bọ́ sí i, a ó ju dáìsì olójú ogún, a ó fi ohun tí òǹkà rẹ̀ fún un kún un, a ó sì wò ó bóyá ó tó iye tí adarí eré dá. Dáìsì olójú ogún ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa, nítorí náà ègé ìwé tí a kọ 1 títí dé 20 sí lára ni a kó sínú ife onírin nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, tí a ń mú ọ̀kan láìwò, eré sì lọ geerege.

Ẹni tuntun tí ó bá jókòó tì wá sábà máa ń mú ẹ̀dá-ìtàn kan náà wá. Ó máa ń jẹ́ ọmọ ọba tí wọ́n pa ìyá àti bàbá rẹ̀, tí wọ́n jó ìlú rẹ̀, tí kò ní ará, tí kò ní ọ̀rẹ́, tí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, tí idà rẹ̀ sì mú ju ti gbogbo ayé lọ. N kì í bá wọn jà, nítorí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ dùn ún rò nígbà tí a bá dá wà. Ṣùgbọ́n nídìí tábìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹnu ti jọ ń sọ ìtàn kan ṣoṣo, ó ṣòro láti bá a lò. Ẹni tí kò ní ẹnìkan kò ní ẹni tí mo lè rán wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Kò sí ìyá tí yóò ránṣẹ́ pè é, kò sí ẹni tí ó jẹ ní gbèsè, kò sí àbúrò tí yóò dójú tì í láàárín ọjà. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbìmọ̀, yóò fara ti ògiri, yóò káwọ́ gbera, yóò sì máa retí kí ogun dé. Bí ogun bá sì parí, ó tún di ìdí ògiri.

Nílẹ̀ wa, àgbàlagbà tí àlejò bá wọlé tọ̀ kì í bi í pé agbára wo ni ó ní. Yóò ní: ọmọ ta ni ọ́? Agboolé wo lẹ ti wá? Iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín? Inú ìdáhùn wọ̀nyí ni yóò ti mọ bí òun yóò ṣe kí i, oúnjẹ tí òun yóò gbé fún un, àti ẹni tí òun yóò ránṣẹ́ sí bí ó bá fi ìwàkiwà kan sílẹ̀ lọ. Mo mú ìbéèrè wọ̀nyí wá sídìí eré, mo sì fi wọ́n ṣáájú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá, ìyẹn irú ẹ̀yà àti oríṣi tí ẹ̀dá-ìtàn yóò jẹ́. Òfin eré náà kò lòdì sí i. Nínú ìwé kíkún tí wọ́n ń tà, ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà lára ibi tí ènìyàn lè ní ẹ̀dá-ìtàn òun ti ṣẹ̀ wá, ìwé náà sì ń béèrè ìwà rẹ̀, ìlànà tí ó gbà gbọ́, ìdè tí ó so ó mọ́ àwọn ẹlòmíràn àti àléébù rẹ̀. Ohun tí àwa fi kún un ni pé a kì í fa pẹ́ńsù sórí òǹkà kankan títí a ó fi mọ iṣẹ́ ilé rẹ̀.

Ìlọrin kò ṣaláìní iṣẹ́ ọwọ́ tí ènìyàn lè yá. Aṣọ òkè ń bẹ, ìkòkò mímọ ń bẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Òkèlélé títí di òní. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, tí àwọn oníṣẹ́ Ìlọrin lókìkí fún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí wọ ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, kí iṣẹ́ náà tó rẹ̀yìn. Òkúta pupa tí ó le koko ni. Láti apá Òkè Ọya ni wọ́n ti ń gbé e wá, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi máa dán, kí ó tó di ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn ọba àti ọlọ́lá. Ẹni tí ó bá kánjú lu ihò náà, òkúta yóò là sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́, iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ a sì di òfo.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ayọ́kẹ́lẹ́rìn ni ó fẹ́ ṣe, ẹni tí ó ń ṣí àgádágodo, tí ó sì ń gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí wọlé. Nígbà tí mo bi í ní iṣẹ́ ilé wọn, ó ronú pẹ́, ó ní ọmọ aluhò ìlẹ̀kẹ̀ ni, pé abẹ́rẹ́ irin tí ọ̀gá òun fi jogún fún òun ni òun fi ń ṣí ilẹ̀kùn, pé gbèsè òkúta tí ọ̀gá náà jẹ kí ó tó kú sì ti bọ́ sí òun lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo ohun tí ó fi lé wa lọ́wọ́: oníṣòwò òkúta kan tí yóò máa lé e kiri, irinṣẹ́ kan tí kò gbọdọ̀ sọnù, àti ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ̀ tí ojú rẹ̀ sì fi mú. Òǹkà tí ó ga jù fún un, yíyá ara, kò tún jẹ́ nọ́ńbà lásán mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìṣúra kan tí àgádágodo ńlá wà lára rẹ̀, n kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ó fi sún síwájú lórí àga. Ó ní: “Mo ki ìka mi bọ omi. N kò tíì fọwọ́ kan ihò rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ kan irin náà pẹ́pẹ́, mo ń gbọ́ ọ, nítorí òkúta tí ó bá fẹ́ là máa ń yí ohùn padà kí ó tó là.” Gbogbo wa dákẹ́. Ó mú ègé ìwé kan nínú ife, 3 ni ó jáde, mo sì sọ fún un pé abẹ́rẹ́ náà ti kán sínú àgádágodo. Ọ̀gbẹ́ni mọkálíìkì tí ó ń ṣe jagunjagun dìde láti fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn, bí ó ti tọ́ sí ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà na ọwọ́ dí i lọ́nà: “Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ, ẹnu abẹ́rẹ́ ọ̀gá mi wà nínú rẹ̀.” Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà títí ó fi fa ègé irin náà yọ, ẹ̀ṣọ́ sì bá wọn níbẹ̀. Ìyà tí wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà kò kéré, síbẹ̀ kò sí ẹni tí inú bí sí i, nítorí olúkúlùkù ti mọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà jẹ́ sí i.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan kọ oríkì kúkúrú fún ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ dípò ìtàn ìgbésí ayé olójú ewé mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò ní ráyè kà. Oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó ń sọ ìdílé, ó ń sọ iṣẹ́, ó ń sọ ohun tí wọ́n fi ń bú wọn àti ohun tí ojú wọn rí. Èyí ni ti ọmọ aluhò:

Àdùnní, ọmọ aluhò ìlẹ̀kẹ̀,
Ọmọ abẹ́rẹ́ kékeré tí í la òkúta kọjá.
Wọ́n ní kó yára, ó ní òkúta kì í gbọ́ ìbínú.
Ọmọ a-jogún-irin, a-jogún-gbèsè;
Olówó kan ilẹ̀kùn, Àdùnní gba ojú fèrèsé.

Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó ń ṣe akọrin há a sórí, ó sì máa ń fi í kí i nígbàkígbà tí òfin bá fún akọrin láyè láti mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kàn le. Akọrin nínú eré náà lè fún ẹlòmíràn ní dáìsì kan tí yóò fi kún tirẹ̀. Ìwé òfin kò sọ bí ọ̀rọ̀ ìmúlọ́kànle náà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Nídìí tábìlì tiwa, oríkì ni.

Nípa àléébù, mo ní èrò tí ó le díẹ̀. Àléébù tí ènìyàn máa ń kọ sílẹ̀, bíi kí ó máa mutí tàbí kí ó máa bínú, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí pé ó rọrùn láti gbàgbé nígbà tí kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Èèwọ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Èèwọ̀ ní ààlà, gbogbo ará ilé mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá sì rú u mọ̀ pé òun ti rú u. Mọkálíìkì wa, tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, kò wá ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ jìnnà: ìjàkadì lorò Ọ̀fà, nítorí náà ajìjàkadì ni jagunjagun rẹ̀. Èyí fún un ní ohun tí ọ̀pọ̀ òṣèré kì í kà sí nínú ìwé òfin, ìyẹn gbígbá ọ̀tá mú. Ọwọ́ rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣófo, ọ̀tá náà kò gbọdọ̀ fi ju ìpele kan lọ tóbi jù ú. Àwọn méjèèjì á ju dáìsì, òun á fi agbára tirẹ̀ kún un, ọ̀tá á fi agbára tàbí yíyá ara kún tirẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó borí. Èèwọ̀ tí ó gbé lé ara rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ lu ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ilẹ̀.

Ẹni tí ó mọ òfin eré náà yóò mọ̀ pé èèwọ̀ yìí gbówó lórí. Bí ọ̀tá bá ti ṣubú, ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ ní àǹfààní láti ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì kí ó mú èyí tí ó pọ̀ jù láti fi kọlù ú. Àǹfààní yìí ni ajìjàkadì wa ń kọ̀ nínú ogun kọ̀ọ̀kan, òun gan-an tí ó ń dá ènìyàn ṣubú. Ní etídò kan ni ó ti dá olórí ọlọ́ṣà délẹ̀, tí onídán ẹgbẹ́ wọn sì fẹ́ pa ọkùnrin náà níbi tí ó sùn sí, nítorí pé bí ó bá lọ, yóò kó ènìyàn wá bá wọn lọ́nà. Ajìjàkadì dúró láàárín wọn. Kò yọ idà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní ìjà ti parí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Àríyànjiyàn náà gba ìyókù alẹ́ wa, a kò ju dáìsì kankan, ohùn lọ sókè sódò, n kò sì rí alẹ́ tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí nídìí eré yìí. Wọ́n di olórí ọlọ́ṣà náà lókùn, wọ́n sìn ín dé ìlú ọlọ́jà. Ó wá di ẹni tí ìtàn wa kò lè ṣe láìsí, nítorí ẹni tí a dá sí mọ ohun púpọ̀ tí òkú kò lè sọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo rò pé àwa tí a ń fi Yorùbá ṣe eré yìí nìkan ni a ó kọlù ú, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀. Bí ọmọ ogún ọdún bá ń ṣe ìyálóde, tí ẹni tí ó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pátápátá sì ń ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀, ta ni yóò pe ta ni ní “ẹ”? Ní Ìlọrin tí ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣẹ́ ẹ̀dá-ìtàn wọn kù láìmọ̀, ìyálóde á máa bẹ ìránṣẹ́, ọba á máa sọ pé “Bùọ̀dá, ẹ bá mi wo ẹnu ibodè.” Ohun tí a fi ẹnu kò sí ni pé ipò ẹ̀dá-ìtàn ni a ó máa fi bá a sọ̀rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí a bá wà nínú ìtàn, pé bí a bá dá eré dúró láti jẹun, olúkúlùkù á padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó dàgbà jù nínú wa ni ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu, tí ó ní “Ìyálóde, ẹ kú ìjókòó, ẹrú yín ti dé.” Ojú ọmọbìnrin tí ó ń ṣe ìyálóde náà tàn, ohùn rẹ̀ sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Mo gba adarí eré ní ìyànjú pé kí ó jẹ́ àgbà ni yóò bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, nítorí ọmọdé kò lè fún ara rẹ̀ láṣẹ yẹn.

Onídán tiwa jẹ́ ọmọ ilé Ààfáà, ó sì ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ̀dá-ìtàn tí ń bọ òrìṣà. A kò bá a jiyàn. Òfin eré sọ pé onídán tí ó bá fẹ́ da ọfọ̀ tuntun kọ sínú ìwé rẹ̀ yóò lo wákàtí méjì àti owó wúrà 50 fún ìpele kọ̀ọ̀kan tí ọfọ̀ náà ní, ọ̀pọ̀ òṣèré sì máa ń ka èyí sí ìnira lásán. Òun fi ṣe ìdí ayé rẹ̀: adàwékọ ni, a-po-tàdáwà, tí ń da ìwé kọ fún olówó ní ọ̀sán kí ó lè rówó ra ohun tí yóò fi kọ tirẹ̀ lóru. Ẹni tí ebi tàdáwà ń pa kì í kọ iṣẹ́ tí ó léwu, nítorí náà n kò tún wá ìdí mìíràn tí yóò fi bá àwọn yòókù jáde.

Ibi tí mo ti rí èrò tí ó jinlẹ̀ jù ni Èsìẹ́, ní gúúsù Kwara, níbi tí wọ́n kó àwọn ère òkúta tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ pa mọ́ sí. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́, irun orí wọn sì jẹ́ iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ nílùú náà ni pé àlejò ni wọ́n jẹ́ rí kí wọ́n tó di òkúta. Mo ti rọ àwọn òṣèré wa pé kí wọ́n má kàn yà wọ́n ní fọ́tò, kí wọ́n yan ọ̀kan, kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n wo irun rẹ̀, kí wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí ó ń ṣe kí ó tó jókòó.

Ọ̀kan nínú wa, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ère náà ti fọ́, tí orí àwọn mìíràn sì ti kúrò lọ́rùn. Ó bi mí pé bí irú wọn bá jí nínú ayé eré wa, tí ẹni tí ó tò wọ́n papọ̀ bá sì ti fi orí ẹni kan sọ́rùn ẹlòmíràn ńkọ́? Ara mi bù máṣọ. Bí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: obìnrin tí orí rẹ̀ rántí pé oníṣòwò iyọ̀ ni òun, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ irun dì lọ́nà tí orí náà kò rí rí. Ó pín òǹkà tí òfin fi lélẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ ju dáìsì, ìyẹn 15, 14, 13, 12, 10 àti 8. Ó fi 15 sí yíyá ara nítorí ọwọ́ náà, ó fi 8 sí làákàyè, nítorí pé ohun tí orí náà mọ̀ nípa ayé ti di ohun àtijọ́, owó tí ó mọ̀ kò ná mọ́, ọba tí ó mọ̀ ti wàjà.

Títí dé ibẹ̀, ìtàn tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹ̀dá-ìtàn, nítorí kò ní ohun tí ń lé e jáde nílé lójúmọ́. Mo bi í pé kí ni obìnrin náà fẹ́. Ó ní ó fẹ́ mọ ẹni tí ó ni ọwọ́ náà. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní yóò máa di irun fún àwọn obìnrin ní ọjà ìlú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dé, yóò sì máa bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí irú dídì bẹ́ẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ti jókòó fún onídìrí rí mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ ìlú tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ náà fi gbára lé àpótí rẹ̀. Bí wọ́n bá nílò ìròyìn, wọn kì í wọ ilé ọtí lọ na owó mọ́. Wọ́n á tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi, àwọn ọkùnrin á ṣe bí ẹni tí ń sùn, obìnrin náà á sì mú ìlarun. Mo ti gbọ́ àṣírí ààfin, ọ̀rọ̀ owó orí àti orúkọ ọmọ àlè lẹ́nu mi fúnra mi, nítorí èmi ni mo ń ṣe gbogbo àwọn obìnrin tí ó ń dirun.

Àwọn kan ń béèrè bí a ṣe ń ṣe é tí a kì í fi ohun mímọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Mùsùlùmí wà láàárín wa, Kristẹni wà, ọmọ ilé eléégún sì wà láti Ìgbómìnà. Ẹnìkan fẹ́ ṣe egúngún Ẹlẹ́wẹ̀ nígbà kan. Ọmọ Ìgbómìnà náà ní ìyẹn kò dùn mọ́ òun, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó ṣàlàyé. Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni èrò tí ó dára jù ti jáde: dípò egúngún, atọ́kùn ni a fi ṣe, nínú ìlú àròsọ tí kì í ṣe ìlú ẹnikẹ́ni, atọ́kùn tí ẹni tí òun ń tọ́ sọ́nà kì í hàn sí ojú ẹlòmíràn. Òfin eré ní oríṣi ẹ̀dá-ìtàn kan tí agbára rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alágbára kan tí ó bá dá májẹ̀mú wá, ó sì bá a mu wẹ́kú. Pàṣán ni ó ń mú lọ́wọ́, ó ń yà fún ẹni tí a kò rí, ó ń túmọ̀ ohùn tí òun nìkan gbọ́. Ohun tí a ṣe ni pé a fi ìrísí iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún eré, a kò sì fọwọ́ kan awo rẹ̀.

Bí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan bá ti ní iṣẹ́, gbèsè àti èèwọ̀, ó ku ohun tí yóò so wọ́n pọ̀. Ìpàdé nílé ọtí, tí àjèjì kan ti máa ń fún wọn níṣẹ́, ti sú mi. Nínú ìtàn tí a wà lórí rẹ̀ báyìí, ọmọ ẹgbẹ́ àjọ kan náà ni gbogbo wọn, alájọ sì ti kó owó sá lọ. Ẹnìkọ̀ọ̀kan kọ ohun tí ó fẹ́ fi owó tirẹ̀ ṣe sílẹ̀: aluhò fẹ́ san gbèsè ọ̀gá rẹ̀, adàwékọ fẹ́ ra tàdáwà, onídìrí fẹ́ gba àyè nínú ọkọ̀ lọ sí òdìkejì odò. Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi jọ ń rìn.

Ajìjàkadì wa kú nínú ìtàn yẹn. Ọ̀tá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ni ó fi ọ̀bẹ gún un láti ìsàlẹ̀, dáìsì kò sì bá a ṣe. Mọkálíìkì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bèèrè ìwé tuntun lọ́wọ́ mi. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó mú wá lẹ́yìn rẹ̀ ni àbúrò ajìjàkadì náà lóbìnrin, ọdẹ tí ó wá gba owó àjọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò sì gba èèwọ̀ ilé wọn gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí èèwọ̀ náà ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn yòókù ni wọ́n ń pa èèwọ̀ náà mọ́ báyìí. Nígbà tí ọdẹ náà na ọfà sí ẹni tí ó ṣubú, aluhò ìlẹ̀kẹ̀ ni ó bọ́ síwájú rẹ̀ tí ó ní ìjà ti parí, àríyànjiyàn náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.